Bí Mo Ṣe Ń Múra Lọ Wo Eré Orí Ìtàgé Láti Ìgbà Tí Mo Ti Ní Àtọ̀gbẹ

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn eré orí ìtàgé. Bàbá mi, tí ó ń ránṣọ ní Ìtòkú, a máa mú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ wo àwọn òṣèré alárìnjó nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ wọn bá wọ Abẹ́òkúta. Nílé wa, lílọ wo eré ní ètò tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ní ètò tirẹ̀. A ó wẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó wọ aṣọ tí a kò wọ̀ lọ sọ́jà rí, ìyá mi á fi ìpara pa wá lẹ́sẹ̀ títí yóò fi máa dán, bàbá mi á sì kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ jẹun. Ó ní ọmọ tí ó bá yó kì í pẹ́ sùn, àti pé ẹni tí ó bá sùn nídìí eré ti fi owó òun ṣòfò. Lẹ́yìn eré ni a máa ń jẹun, ìrẹsì Ọ̀fadà tí wọ́n fi ewé wé, lórí bẹ́ǹṣì ìyá olóúnjẹ kan, níbi tí a ti máa ń tún eré náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lójú tèmi, oúnjẹ yẹn àti ọ̀rọ̀ yẹn wà lára eré náà. Mo dàgbà, mo di olùkọ́, mo bímọ, n kò sì yí àṣà náà padà. Ebi ni mo máa ń gbé wọ gbọ̀ngàn.

Àṣà náà kò ṣe mí ní nǹkan kan nígbà tí ara mi ṣì le. Ní ọdún 2013 tí àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà Aké bẹ̀rẹ̀ ní Kútọ̀ nílùú Abẹ́òkúta, mo jókòó wo eré láì fi nǹkan kan kan ẹnu láti ọ̀sán, mo sì padà sílé jẹun ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́ láìsí pé ara ro mí. Nítorí náà, nígbà tí àìsàn dé, n kò tilẹ̀ ka ebi yẹn mọ́ ohun tí ó yẹ kí n sọ fún dókítà. Ta ni yóò sọ fún dókítà pé bí òun bá ń lọ wo eré, òun kì í jẹun?

Ọdún mẹ́ta kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní glibenclamide, láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n sì ní oúnjẹ ni kí n máa fi lò ó. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ̀ mí létí jù ni èèwọ̀ tí wọ́n kà fún mi: ṣúgà, mínírà, bọ́rẹ́dì funfun, àmàlà láfún ńlá tí àwa Ẹ̀gbá fi ń gbádùn ìgbésí ayé wa. Gbogbo ilé dìde láti gbà mí lọ́wọ́ ohun dídùn. Ọmọ mi obìnrin kó gbogbo ṣúgà inú ilé fún aládùúgbò wa. Ọkọ mi kò mu tíì dídùn níṣojú mi mọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n apá kan ẹ̀kọ́ náà ni gbogbo wa kọ́. A mọ̀ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè ga jù. Kò sí ẹni tí ó rántí nínú wa pé oògùn tí ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kọjá ààlà, pàápàá bí ẹni tí ó lò ó kò bá jẹun.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ni ó ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré kan gbé eré tuntun wá sí gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú, agogo mẹ́fà ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń múra. Mo lọ aṣọ àdìrẹ mi méjì, mo gbé èyí àkọ́kọ́ kalẹ̀, mo wọ èkejì, mo wé gèlè, mo tú u, mo tún un wé. Mo jẹ ẹ̀kọ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ní agogo méjìlá ọ̀sán. Ní agogo márùn-ún, mo lo oògùn alẹ́ mi nítorí pé aago rẹ̀ ti tó, mo sì sọ fún ara mi pé n óò wá nǹkan panu nígbà ìsinmi àárín eré. Oògùn ni mo lò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, mo fi oúnjẹ tí ó yẹ kí ó bá a rìn sílẹ̀. Nígbà tí a dé ìtòsí gbọ̀ngàn náà, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọkọ̀ kò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ Márúwá wa lè wọlé, ni èmi àti ọmọ mi bá sọ̀kalẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, nínú bàtà tí ó há mi láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ìrìn náà pàápàá ń jẹ nínú ìwọ̀nba ṣúgà tí ó kù lára mi, n kò sì mọ̀.

Àárín gbùngbùn ìlà kẹta ni mo yàn láti jókòó sí, nítorí pé mo fẹ́ràn kí n máa rí ojú òṣèré. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni yóò dìde kí n tó lè jáde síta. Agogo mẹ́fà lù, kò sí nǹkan kan. Agogo méje lù, ọkùnrin kan wá bẹ̀ wá lórí ìtàgé pé kí a má bínú. Ó ku díẹ̀ kí agogo mẹ́jọ lù kí iná tó kú, kí aṣọ ìkélé tó ṣí.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan níbí nípa àkókò. Ní ayé àwọn òṣèré alárìnjó, láti ìgbà tí Hubert Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1940, orin àti ijó ni wọ́n máa fi ń ṣí eré kí ìtàn gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé yóò bá wọn lẹ́nu orin, kò ní pàdánù ìtàn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ jáde ra ẹ̀pà lè jáde. Ọ̀pọ̀ nínú eré òde òní kò ní àyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí òṣèré sọ lè jẹ́ èyí tí gbogbo ìtàn rọ̀ mọ́, nítorí náà ẹni tí ó ti jókòó kì í fẹ́ dìde. Mo ti rí i pé àìfẹ́ pàdánù ìtàn yìí ni ó fẹ́ gba ẹ̀mí mi.

Eré náà dára. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n ń jà sí ilé bàbá wọn, àpótí kan sì wà lábẹ́ ibùsùn olóògbé tí ẹnikẹ́ni kò ì tíì ṣí. Nígbà tí èyí ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, tí ó fa àpótí náà jáde, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Òógùn bò mí lọ́rùn àti níwájú orí nígbà tí ọmọ mi ń fi ìborùn bora nítorí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo rò pé eré náà ni ó wọ̀ mí lára. Ní tòótọ́, bí ó ṣe máa ń rí láti ìgbà èwe mi nìyẹn bí ìtàn bá dé ibi tí ó le: àyà á máa lù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ara á máa gbóná. Tìtorí èyí gan-an ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí, nítorí n kò tíì rí ẹni tí ó sọ ọ́ fún aláàtọ̀gbẹ rí: àmì tí ara fi ń sọ pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jọ àmì pé eré dùn. Nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn, ènìyàn lè máa kú lọ kí ó máa rò pé òun ń gbádùn.

Lẹ́yìn náà ni òṣèré kan di méjì lójú mi. Ọ̀rọ̀ wọn ń dún bí ẹni pé láti òdìkejì odò Ògùn ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé mo dìde dúró, mo sì ń bá ẹni tí ó wà lórí ìtàgé wí ní ohùn òkè. Ní tíátà Yorùbá, kì í ṣe ohun àjèjì pé kí òǹwòran dá òṣèré lóhùn, nítorí náà àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní kí n jókòó. Ọkùnrin kan tí ó wà lẹ́yìn mi béèrè bóyá mo ti mutí. Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn. Nínú gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ni ó dúró ṣinṣin nínú ìrántí mi.

Bí wọ́n ṣe gbé mi kọjá lára àwọn ènìyàn mẹ́sàn-án yẹn, n kò mọ̀. Ìta ni ojú mi ti là díẹ̀, mo wà nílẹ̀, gèlè ti bọ́. Wọ́n ń fẹ́ mi, wọ́n ń bu omi sí mi lórí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré dé pẹ̀lú ìgò málítì, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí màmá mu èyí.” Ọmọ mi ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì pariwo pé, “Rárá o! Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà! Wọn kì í mu nǹkan dídùn!” Ọmọkùnrin náà sì fà sẹ́yìn. Obìnrin kan ni ó ya àárín èrò wọlé, tí ó kúnlẹ̀ tì mí, tí ó fọwọ́ kan òógùn ọrùn mi. Ó bi ọmọ mi pé ìgbà wo ni mo jẹun gbẹ̀yìn, oògùn wo ni mo ń lò. Nígbà tí ó gbọ́ ìdáhùn, ó ní, “Nọ́ọ̀sì ni mí, àǹtí. Ẹ gba málítì yẹn padà kíákíá. Ṣúgà wọn ti lọ sílẹ̀.” Ó bi mí bóyá mo lè gbé nǹkan mì, mo mi orí, ó sì ń fún mi díẹ̀díẹ̀ títí mo fi mu ún tó ìdajì ìgò. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi béèrè ohun tí ó wà nínú àpótí.

Ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn málítì náà, 63 mg/dL ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò kà. Wọ́n sọ fún wa pé bí ó bá ti wà lábẹ́ 70, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n dá mi dúró di ọjọ́ kejì nítorí pé oògùn tí mo lò kì í tètè kúrò lára, ó sì lè tún fà á wálẹ̀ lóru lẹ́yìn tí ènìyàn bá rò pé ewu ti kọjá. Lóru ọjọ́ náà ni ọmọ mi di ọwọ́ mi mú tí ó ń sunkún. Ó ní, “Màmá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa yín.” Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, nítorí pé ohun tí èmi kọ́ ọ ni ó ṣe. Èmi ni mo ń kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fún mi ní nǹkan dídùn. N kò sọ ìgbà tí ìkìlọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́.

Oṣù mẹ́jọ ni n kò fi dé ìdí eré mọ́. Mo purọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹsẹ̀ náà dùn mí lóòótọ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí bàtà híhá yẹn ti bó mi lẹ́yìn gìgísẹ̀, mo sì pẹ́ kí n tó rí i, èyí tí kò yẹ kí aláàtọ̀gbẹ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú rárá. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni ó dè mí mọ́lé. Mo ń rí ara mi nínú gbọ̀ngàn, tí mo dìde dúró, tí mo ń pariwo, tí ẹni ẹlẹ́ni ń sọ pé mo mutí yó.

Dókítà mi ni ó tú mi sílẹ̀, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ìrẹsì Ọ̀fadà àti bàbá mi. Kò ní kí n má lọ wo eré mọ́. Ó mú bébà, ó ní kí n ka bí mo ṣe ń múra láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ó sì ń fi bírò fa ìlà sábẹ́ ibi tí ewu wà. Ó yí oògùn mi padà, ṣùgbọ́n mo bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kà èyí pé kí ó má ṣe dá yí tirẹ̀ padà, kí ó má sì fò ó nítorí ìbẹ̀rù. Dókítà rẹ ni kí o bá sọ ọ́.

Láti ìgbà náà, oúnjẹ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìmúra, aṣọ ni ó ń tẹ̀lé e. Bí eré bá máa bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà, mo ń jẹun ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, ẹ̀wà rírò ni ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí pé ẹ̀wà kì í tètè dà nínú ẹni bí láfún. Mo ń yẹ ṣúgà mi wò kí n tó jáde, mo sì ń tún un yẹ̀ wò nígbà ìsinmi àárín eré. Mo ti gbà nínú ọkàn mi pé eré lè pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo ń mú búrẹ́dì àlìkámà kékeré kan dání, mo sì ń jẹ ẹ́ níta bí agogo méje bá lù tí aṣọ ìkélé kò ì ṣí, láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà tí mo ń gbé sínú àpò gba àkókò kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwọ̀n 15 gíráàmù ni wọ́n ní kí n jẹ bí ara bá fu mí, èyí tí ó tó ṣúgà oníhóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí n dúró ìṣẹ́jú 15, kí n tún ara yẹ̀ wò, kí n tún jẹ ẹ́ bí kò bá tíì gòkè. Mo kọ́kọ́ fi nylon wé e. Eèrà rí i kí n tó rí i, wọ́n kún inú àpò mi nínú gbọ̀ngàn. Mo wá dà á sínú ike oògùn kékeré tí ìdérí rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ń dún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí mo bá ti mi àpò, òṣèré sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ́wọ́. Òwú ni mo fi yanjú rẹ̀. Mo fi òwú tẹ́ ìsàlẹ̀, mo fi bo orí, hóró mẹ́rin náà sì jókòó jẹ́ẹ́. Ní àsìkò òjò, mo ń pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù nítorí ó máa ń rọ̀. Mo ti gbìyànjú ṣokoléètì rí, wọ́n ní ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó tètè ṣiṣẹ́. Mínírà tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ pé kò ní ṣúgà kò wúlò fún èyí rárá, ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò bá yín lọ mọ̀ ọ́n.

Bí àyà mi bá ń lù nínú òkùnkùn, n kì í jókòó máa rò ó bóyá eré ni tàbí àìsàn. Mo ń jẹ ṣúgà náà ná. Bí ó bá jẹ́ eré ni, hóró mẹ́ta kò pa mí lára tó ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ yẹn. Etí ìlà ni mo ń jókòó sí báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá, bí n kò tilẹ̀ rí ojú òṣèré dáadáa láti ibẹ̀ mọ́, ó sì dùn mí. Gèlè ti di ìborùn pẹlẹbẹ, bàtà ti di èyí tí ó gba ẹsẹ̀. Ọmọ mi ti kọ́ ohun tí yóò ṣe, títí kan èyí tí ó ṣe pàtàkì jù: bí mo bá ti dákú, tí n kò lè gbé nǹkan mì, kí ẹnikẹ́ni má da ohunkóhun sí mi lẹ́nu, kí wọ́n yí mi sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí ó ṣì ṣòro fún mi ni kí n sọ ọ́ fún ẹni tí mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo bá dá lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ padà sídìí eré, ní gbọ̀ngàn àṣà June 12 ní Kútọ̀, mo jókòó ti bàbá àgbàlagbà kan. Mo kí i, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní àtọ̀gbẹ. Bí ẹ bá rí i pé mo ń sọ ìsọkúsọ tàbí mo ń làágùn, ṣúgà wà nínú àpò yìí, ẹ fún mi.” Ohùn mi gbọ̀n bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bàbá náà gbé jígí rẹ̀ sókè, ó wo àpò náà, ó béèrè pé ihò wo ni ṣúgà náà wà gan-an. Mo fi hàn án. Ó mi orí, ó sì kọjú sí ìtàgé.

Mo ṣì ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà lẹ́yìn eré, ṣíbí mẹ́rin tàbí márùn-ún, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ṣe eré àpótí yẹn kò tíì gbé e padà wá sí Abẹ́òkúta. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan wò ó parí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ti fẹ́ sọ ohun tí ó wà nínú àpótí fún mi nígbà méjì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún gbé e wá, n óò ti jẹun ní agogo mẹ́rin ààbọ̀.